Òórùn Ẹnu Tí Kì Í Lọ: Ẹ Fọ Ẹ̀yìn Ahọ́n àti Àárín Eyín

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń rùn ló ń fọ eyín láràárọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n dọ̀tí. Ibi tí òórùn ti ń jáde gan-an ni búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò wọn kì í dé. A sì máa ń di ẹ̀bi náà ru ikùn, a ó máa mu àgbo tó ń fọ inú, nígbà tó jẹ́ pé inú ẹnu ló ti ń wá lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó sá pamọ́ sí ẹ̀yìn ahọ́n, àárín eyín àti abẹ́ erìgì ló ń jẹ àjẹkù oúnjẹ, tí wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ tó ní imí ọjọ́ nínú jáde, irú èyí tó ń mú ẹyin tó bàjẹ́ rùn. Súìtì mínǹtì kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò. Ẹ fi ṣíbí kékeré rọra ha ẹ̀yìn ahọ́n, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ wá gbóòórùn ohun tó bá a jáde. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ń rùn, ẹ ti rí orísun kan. Ẹ sì bi ẹnìkan nínú ilé, nítorí imú ẹni kì í sábà gbọ́ òórùn ẹnu ẹni.

Ahọ́n

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà. Lẹ́yìn tí ẹ bá fọ eyín tán, ẹ yọ ahọ́n síta dáadáa, ẹ dojú ṣíbí dé, kí ẹ gbé etí rẹ̀ lé ibi tó jìnnà jù tí ọwọ́ yín lè dé, ẹ wá rọra fà á bọ̀ níwájú. Ẹ fi omi ṣan ṣíbí náà, ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún. Bí èébì bá fẹ́ gbé yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín ahọ́n, ẹ máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa ṣe é kí ẹ tó jẹun. Ẹ má ha á débi tí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde.

Eyín àti erìgì

Ìṣẹ́jú méjì ni kí ẹ fi fọ eyín, láàárọ̀ àti kí ẹ tó sùn. Ti alẹ́ yìí kò ṣeé fojú fò rárá, torí itọ́ tó ń fọ ẹnu fún wa lọ́sàn-án máa ń gbẹ nígbà tí a bá sùn. Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí irun rẹ̀ kan ibi tí eyín ti pàdé erìgì, kí ẹ sì máa mì ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ má gbàgbé inú eyín iwájú ti ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn eyín tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ẹ wo ara páálí ọṣẹ ìfọyín: kí fluoride rẹ̀ (èròjà tó ń dáàbò bo eyín) wà láàárín 1,000 sí 1,500 ppm (ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ síbẹ̀). Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó. Ẹ tutọ́ dànù, ẹ má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Pákò Ìjẹ̀bú àti orín àtà dára, bí ẹ bá rún ẹnu rẹ̀ títí ó fi rọ̀ tó sì rí bíi búrọ́ọ̀ṣì tó lè dé ẹ̀yìn. Ẹ gé ibi tí ẹ ti lò sọnù lójoojúmọ́. Èédú àti eérú kò dára, wọ́n ń họ ara eyín.

Fọ́nrán ẹran àti èèpo àgbàdo tó há sáàárín eyín ń jẹrà níbẹ̀. Okùn ìtayín, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní floss, ló dára jù: ẹ fi sáàárín eyín méjì, ẹ fà á sókè sódò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbóòórùn okùn náà, ó máa sọ eyín tó ń dàmú yín.

Bí erìgì bá ń ṣẹ̀jẹ̀, àwọn kan á dáwọ́ fífọ ibẹ̀ dúró, ìyẹn ló sì ń bà á jẹ́ sí i. Ẹ máa fọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bí kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó ṣeé ṣe kí ìdọ̀tí ti le bí òkúta síbẹ̀, ọ́sibítù eyín ni wọ́n ti lè ha á kúrò. Wọ́n máa ń sọ pé fífọ eyín lọ́sibítù ń mú eyín mì. Kò rí bẹ́ẹ̀: àrùn erìgì tó ti jẹ eegun tó di eyín mú ló jẹ́ kó máa mì, ìdọ̀tí yẹn ló kàn ń bò ó.

Ẹnu gbígbẹ

Ẹni tó jí lọ oko láìjẹ láìmu, ẹnu rẹ̀ á rùn. Ẹ gbé omi dání, kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ọtí àti sìgá ń gbẹ ẹnu. Aáṣà ń ba erìgì jẹ́. Àwọn oògùn kan wà tó ń gbẹ itọ́. Ẹ bi dókítà, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Òórùn àlùbọ́sà àti aáyù ní tiwọn ń gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí fífọ ẹnu kì í fi mú un lọ. Ó ń lọ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá, kó yọ ọ́ lálẹ́, kó fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó sì rẹ ẹ́ sínú omi tó mọ́.

Bí ẹ bá ti ń ṣe gbogbo èyí tí òórùn náà kò lọ, ẹ lọ rí dókítà: ó lè jẹ́ eyín tó ti lu, egbò, imú dídí tàbí àtọ̀gbẹ. Bó bá jẹ́ ọmọ kékeré, tí ihò imú kan ṣoṣo ń rùn tó sì ń dà, ó ṣeé ṣe kó ti ki ìlẹ̀kẹ̀ tàbí hóró àgbàdo bọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí igi wá a, yóò tì í wọlé sí i. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà.