Bàtà Ọmọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìsinmi Síkì Pẹ̀lú Ẹbí

Ní gbogbo ìgbà òtútù ni mo máa ń rí àwọn ẹbí tí wọ́n ti ná owó ribiribi kí wọ́n tó dé àfonífojì Alpbach ní ìpínlẹ̀ Tirol, lórílẹ̀-èdè Austríà, tí ọmọ wọn á sì máa sunkún lórí yìnyín kí ọjọ́ kejì tó parí. Iṣẹ́ mi ni wíwọn ẹsẹ̀ àti yíyan bàtà fún àwọn tí ó wá yá síkì lò, ìyẹn pátákó gígùn méjì tí a ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín, nítorí náà ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ń ṣe. Ó máa ń dùn mí, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ àwọn ènìyàn wa láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ oṣù tu owó jọ. Owó wọn kò kéré rárá. Ibi tí wọ́n ń ná an sí ni kò tọ́.

Àkọ́kọ́, ẹ má ṣe yan ọ̀sẹ̀ tí gbogbo ayé ń lọ, bí ọmọ yín kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Lẹ́yìn ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ni ìsinmi ọdún ń parí níbí, owó ilé á wálẹ̀, èrò á sì dín kù lórí òkè, títí di oṣù Kejì tí ìsinmi ilé ìwé àwọn ará Austríà, Jámánì, Netherlands àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ara wọn lọ́wọ́. Nítorí pé abúlé Alpbach kò ga ju nǹkan bíi mítà 1,000 lọ, a kò lè fi ọkàn tán yìnyín ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá tàbí ti ìparí oṣù Kẹta bí a ṣe lè ṣe ní àwọn ibi tí ó ga jù ú lọ.

Èkejì ni tíkẹ́ẹ̀tì lífítì, ẹ̀rọ tí ń gbé ènìyàn gòkè. Láti ọdún 2012 ni lífítì ti so òkè Alpbach pọ̀ mọ́ ti àfonífojì Wildschönau tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tí ènìyàn lè fi síkì gbà sì ju kìlómítà 100 lọ. Ohun ńlá ni fún ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kò ní kúrò lórí pèpéle kékeré tí ó wà lẹ́bàá bẹ́líìtì tí ń gbé àwọn ọmọ gòkè, fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Kí ni ẹ wá ń fi tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́fà fún gbogbo òkè ṣe? Ẹ béèrè ní ojú fèrèsé bóyá wọ́n ní èyí tí ó kan lífítì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan, tàbí èyí tí a ń fi wákàtí san, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ orí tí ọmọdé ń gùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni bàtà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ má ṣe ra bàtà síkì fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dàgbà, ẹ má sì ṣe yá èyí tí ó tóbi jù ú lọ. Bàtà síkì kì í ṣe bàtà ilé ìwé tí òbí ń rà tóbi kí ó lè tọ́ ọdún méjì. Bàtà ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ dé ara síkì. Bí gìgísẹ̀ bá ń gbéra nínú rẹ̀, ọmọ á yí ẹsẹ̀, síkì kò sì ní yí. Olùkọ́ á ní ẹ̀rù ń ba ọmọ, ìyá á ní ọ̀lẹ ni, bẹ́ẹ̀ bàtà ni.

Bàbá kan wá bá mi ní ọjọ́ kejì ìsinmi wọn, ó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà dání, ọmọ náà ń sunkún. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ra bàtà náà kí wọ́n tó gbéra nílé, ó sì ń dán gbinrin. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọn ẹsẹ̀ rẹ̀.” Ẹsẹ̀ náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 19.5, nọ́ńbà tí ó wà lára bàtà sì jẹ́ 22.5. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dí àlàfo yẹn. Mo bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ti òkè ti ká jọ sí ọrùn ẹsẹ̀, ti àárín ti tẹ ilà jíjìn yí ojúgun ọmọ ká, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ òwú tí òógùn ti rin gbindin. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù rìnrìn. Bàbá náà ní, “Àbúrò, òtútù ni mo ń sá fún.” Bẹ́ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni ó mú òtútù wá, nítorí pé wọ́n há ẹsẹ̀ mọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò fi lọ dáadáa, òógùn tí ó wà nínú wọn kò sì ráyè gbẹ. A yá ọmọ náà ní bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e. Owó tí wọ́n fi ra ti àkọ́kọ́ ti wọgbó.

Nọ́ńbà bàtà síkì jẹ́ gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà ẹ má ṣe gbé nọ́ńbà bàtà ilé wá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró lórí ìwé, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kan ògiri, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí ìka tí ó gùn jù dé, kí ẹ sì wọn ẹsẹ̀ méjèèjì. Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní kí wọ́n yọ bàtà rírọ̀ tí ó wà nínú síta, kí ọmọ ki ẹsẹ̀ bọ ike òde nìkan, kí ìka rẹ̀ kan iwájú. Àlàfo tí ó bá kù lẹ́yìn gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìbú ìka ọwọ́ méjì lọ. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tí kò nípọn, tí ó sì ga dé abẹ́ orúnkún, ti tó. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò abẹ́ kò gbọdọ̀ wọnú bàtà. Ẹ má sì jẹ́ kí bàtà sun inú ọkọ̀, nítorí òtútù òru máa ń mú kí ike náà le débi pé ẹsẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ láàárọ̀.

Bí a bá béèrè ìwọ̀n ara yín àti bí ẹ ṣe mọ síkì tó, ẹ jọ̀ọ́, òtítọ́ ni kí ẹ sọ. Òun ni a fi ń ṣètò ohun tí ó de bàtà mọ́ síkì: bí ó bá le jù, kò ní tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣubú, orúnkún ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ẹ má wọ jíǹsì. Ẹ má fi ara yín ṣe olùkọ́ ọmọ yín. Ẹ sanwó fún kíláàsì, kí ẹ sì kúrò lẹ́bàá ọgbà tí àwọn ọmọ ti ń kọ́ síkì.

Irun náà wà ńbẹ̀. Ṣùkú lẹ́wà, ṣùgbọ́n àárín orí ni ó ń kó irun jọ sí, àṣíborí kò sì lè jókòó lé e dáadáa. Ẹ di kòlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ fún ọmọbìnrin yín, kí irun sọ̀kalẹ̀ sí ìpàkọ́. Ẹ má sì sọ pé ara dúdú kò nílò ìpara tí ń dènà oòrùn. Yìnyín tuntun lè dá nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ìtànṣán tí ń jó ara padà sójú ẹni, ètè àti abẹ́ imú ni ó sì ń kọ́kọ́ bó.

Ẹni tí ó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà Schengen, ìyẹn físà kan tí ó wà fún Austríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, àní bí ó tilẹ̀ ní ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbánigbófò tí wọ́n ń béèrè fún físà náà gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò ó kéré tán, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ó ti parí níbẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè yọ síkì sílẹ̀ pátápátá. Bí ẹsẹ̀ bá kán lórí òkè, tí hẹlikópítà sì wá gbé yín, ẹ̀yin ni wọn yóò gbé ìwé owó náà fún. Ibi tí ó yẹ kí ẹ fi owó bàtà tuntun yẹn sí nìyí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìbánigbófò fi ìwé dáhùn pé wọ́n gba síkì mọ́ ọn, àti pé wọ́n gba ìgbàlà láti orí òkè mọ́ ọn pẹ̀lú. Kí ẹ sì fi 140, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì orí òkè ní Austríà, sínú fóònù gbogbo àgbà tí ó bá wà nínú ẹbí.