Ìwé ìbéèrè 268 tí mo dáná sun kí n tó gba másítáàsì sàíkọ́lọ́jì ibi iṣẹ́

Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n kọ sínú ìwé ìgbaniwọlé mi. Oṣù mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo lò. Ìdánwò kọ́ ló dá mi dúró, ìyanṣẹ́lódì kọ́, súpáfáísọ̀ mi náà kọ́. Ìwé ìbéèrè 268 ni, tó padà sọ́wọ́ mi láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, tí gbogbo ẹ̀ ò sì wúlò ju ìwé tí wọ́n fi ń di àkàrà lọ.

Ti fọ́ọ̀mù, transcript, owó ilé-ìwé àti kíláàsì, mi ò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ẹni tó bá ti ṣe dìgírì àkọ́kọ́ mọ bó ṣe ń lọ. Ẹ sáà má sá fún kíláàsì sítátísíìkì, torí òun náà lẹ máa padà wá bẹ̀.

Wọ́n kọ́ wa ní ìtàn Hawthorne, ilé-iṣẹ́ Western Electric lẹ́bàá Chicago, níbi tí wọ́n ti ṣèwádìí lára àwọn òṣìṣẹ́ láti 1924 títí di 1932. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo wa gbé kúrò níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá mọ̀ pé ojú wà lára òun kì í ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Mo gba A nínú kọ́ọ̀sì yẹn. Mo wá lọ fi ọwọ́ ara mi kó ìwé ìbéèrè fún àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n bá mi pín in fún àwọn ọmọ abẹ́ wọn.

Ohun tí mo ń wádìí ni bóyá òṣìṣẹ́ tó bá rí i pé wọn ò rẹ́ òun jẹ níbi iṣẹ́ máa ń fara jìn fún ibẹ̀, àti bóyá ìyẹn ń dín èrò àtifiṣẹ́sílẹ̀ kù. Gbólóhùn 20 tí àwọn olùwádìí Niehoff àti Moorman (1993) kọ ni mo fi díwọ̀n ìṣòdodo, 18 ti Meyer, Allen àti Smith (1993) ni mo lò fún ìfarajìn, mẹ́ta fún èrò àtifiṣẹ́sílẹ̀. Ìdáhùn láti 1 (mi ò gbà rárá) dé 5 (mo gbà pátápátá) ni mo lò fún gbogbo wọn. Pẹ̀lú ìbéèrè nípa ọjọ́ orí àti irú ẹ̀, ó di ojú ìwé márùn-ún. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí mo mú fún ìwádìí mi tó 500. Tábìlì Krejcie àti Morgan (1970), tó ń sọ iye èèyàn tó yẹ kéèyàn bi léèrè, ní 217 ló yẹ kí n rí. Mo tẹ 300, torí kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gbà á ló máa dá a padà. Ojú ìwé 1,500, ₦40 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦60,000.

Lẹ́tà àṣẹ wá dogun. HR ẹ̀ka, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ní kí n kọ̀wé sí olú ilé-iṣẹ́ l'Ékòó. Olú ilé-iṣẹ́ ní kí ẹ̀ka kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi ń ti lẹ́tà mi síra wọn bí ọmọ òrukàn tí ẹbí ò fẹ́ gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ wọ́n gbà, ṣùgbọ́n èmi ò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà. Àwọn á bá mi pín in, àwọn á sì bá mi kó o jọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́.

Ìwé 268 nínú 300, lọ́jọ́ mẹ́ta. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, torí òṣìṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò dúró tì kì í yá lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sínú SPSS, sọ́fúwià tí a fi ń ṣe sítátísíìkì, tán, 94 nínú wọn ló fa igi kan ṣoṣo láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹrin: 5, 5, 5, 5. Ibi tí àṣírí ti tú ni ìfarajìn. Gbólóhùn mẹ́fà ló ń díwọ̀n ìfarajìn ti ọkàn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ mẹ́ta nínú wọn ní òdìkejì, bí ẹni ń sọ pé "mi ò rí ara mi bí ọmọ ilé níbí". Ẹni tó fẹ́ràn ibi iṣẹ́ rẹ̀, 1 tàbí 2 ló yẹ kó mú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ máa yí i padà nínú SPSS: ẹ yọ nọ́ńbà tó mú kúrò nínú 6, 1 á di 5, 2 á di 4.

Kí n tó yí wọn padà, Cronbach's alpha mi (nọ́ńbà tó ń sọ bí àwọn gbólóhùn tó ń díwọ̀n ohun kan náà ṣe bára mu tó; bó bá ṣe sún mọ́ 1 ló ṣe dáa tó) jẹ́ 0.83. Lẹ́yìn tí mo yí wọn tán, ó já sí 0.27. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣìnà nìyí: wọ́n á ní àwọn ṣèèṣì ni, wọ́n á yára dá a padà sí bó ṣe wà kí alpha lè ga. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ìdáhùn bá jẹ́ òótọ́, yíyí ló máa gbé alpha sókè. Tó bá jẹ́ pé yíyí ló fà á wálẹ̀, a jẹ́ pé wọn ò ka ìbéèrè. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni wọ́n ń dá gbogbo ẹ̀ lóhùn.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn nìkan ni wọ́n kà, torí ibẹ̀ ni ewu wà. Gbólóhùn mẹ́ta nípa fífi iṣẹ́ sílẹ̀ ló wà níbẹ̀, 251 nínú 268 ló sì mú 1, rárá, láéláé. Nígbà tí gbogbo èèyàn bá tò sójú kan, correlation, nọ́ńbà láti −1 dé 1 tó ń sọ bí nǹkan méjì ṣe ń rìn pọ̀ (0 ni pé wọn ò rìn pọ̀), ò ní ìyàtọ̀ kankan tó máa gbá mú. Ohun tí mo rí jẹ́ 0.06. Ẹlòmíì á kọ ọ́ pé ìfarajìn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú èrò àtifiṣẹ́sílẹ̀, á sì gbàwé-ẹ̀rí lọ. Súpáfáísọ̀ mi wo tábìlì náà díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o lè dúró níwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú eléyìí?" Mo ní rárá, sà.

Àṣé àwọn fọ́máànù ló pín in lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n dúró tì wọ́n, wọ́n sì gbà á padà ní ṣíṣí. Lẹ́yìn ìwé méjìlá, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà òṣìṣẹ́ sí i. Àmọ́ èmi náà dá kún un. Mo bèèrè ẹ̀ka, ipò, ọjọ́ orí gan-an, àti ọkùnrin tàbí obìnrin. Nínú ẹ̀ka ẹlẹ́ni mẹ́fà tí obìnrin kan ṣoṣo wà, ta ló tún ń wá orúkọ? Èyí tó burú jù ni pé mo sítépù fọ́ọ̀mù ìfọwọ́sí mọ́ ọn. Mo kọ "a ò ní mọ ẹni tó dáhùn" sí òkè, mo wá ń gba ìbuwọ́lùwé nísàlẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní ilé-iṣẹ́ kéékèèké mẹ́ta. Torí pé ibi ìwádìí ti yí padà, mo ní láti padà sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí ìwádìí, ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Lọ́tẹ̀ yìí, inú lẹ́tà àkọ́kọ́ gan-an ni mo ti kọ ọ́ pé èmi ni màá pín in, èmi ni màá kó o, ọ̀gá kankan ò ní fọwọ́ kàn án. Ilé-iṣẹ́ kẹrin kọ̀ torí gbólóhùn yẹn. Ó sàn bẹ́ẹ̀.

Ìbuwọ́lùwé kúrò: ojú ìwé àlàyé sọ pé ẹni tó bá dáhùn ti fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ sì gbà. Ẹ̀ka kúrò. Ọjọ́ orí di ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ipò di mẹ́ta. Ó ṣẹ́kù ojú ìwé mẹ́rin. Mo fi àpòòwé tó ní gọ́ọ̀mù sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 300, ₦50 lọ́kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà kan àpótí mẹ́ta fún mi ní ₦9,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ihò tóóró lókè, àgádágodo nídìí, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ ibi omi mímu ni mo gbé wọn sí fún ọjọ́ mẹ́wàá. Níbì kan, gáàdì gbé e sábẹ́ kámẹ́rà kí olè má baà gbé e. Mo gbé e kúrò níbẹ̀. Olè wo ló fẹ́ jí ìwé ìbéèrè?

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo Google Forms. Mo dán an wò pẹ̀lú ọgbọ̀n èèyàn. Tí ẹ bá ní kí ẹnì kan má dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ó máa ní kí onítọ̀hún fi àkáǹtì Google rẹ̀ wọlé. Lóòótọ́, ímeèlì rẹ̀ ò ní hàn sí yín tí ẹ ò bá ní kó gbà á, ṣùgbọ́n ta ló máa gba ìyẹn gbọ́? Mẹ́rìnlá ló dáhùn.

Èrè ẹ̀ rèé: 211 padà, mo yọ 19 (11 fa igi kan ṣoṣo, 8 fo odidi ojú ìwé), ó ku 192. Alpha gòkè sí 0.79 lẹ́yìn tí mo yí àwọn gbólóhùn padà. Correlation ìfarajìn pẹ̀lú èrò àtifiṣẹ́sílẹ̀ jẹ́ −0.44: bí ìfarajìn bá ṣe ń ga, èrò àtifiṣẹ́sílẹ̀ ń wálẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ní dìfẹ́ǹsì, wọ́n bi mí nípa 192. Mo fi G*Power, sọ́fúwià tó ń ṣírò iye èèyàn tó tó fún ìwádìí, hàn wọ́n: fún predictor márùn-ún (àwọn ohun tí a rò pé ó ń fa èsì), f² 0.15 (bí ipa wọn ṣe tóbi tó), power 0.80 (àǹfààní àtirí ipa náà tó bá wà), 92 ti tó. Èyí tí mi ò dáhùn dáadáa ni pé ẹnì kan náà ló dáhùn gbogbo ẹ̀ lórí ìwé kan náà lọ́jọ́ kan náà, èyí tó lè mú kí nǹkan jọra ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mú Harman's test jáde, ìdánwò tó ń wò ó bóyá ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ìdáhùn. Àwọn náà mọ̀ pé kò lágbára. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá pín in lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ méjì síra, kí kálukú fi lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn orúkọ ìyá rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ ṣe àmì tí màá fi so méjèèjì pọ̀ láìmọ̀ ọ́n.

Owó ilé-ìwé fún sáà tó lé ju owó ìwé, àpòòwé àti àpótí lápapọ̀ lọ. Nígbà tí mo parí, HR ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ pè mí pé àwọn fẹ́ rí ohun tí òṣìṣẹ́ àwọn kọ, àwọn ìwé yẹn gan-an. Mo ní mo ti sun ún.