Mọ́tò tó ń dún lórí òkè Ẹ̀fọ̀n: ṣé epo ni àbí ẹ́ńjìnì?

Ìbéèrè (Àrámọkọ): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mò ń wà, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Bí mo bá ti kọjá Ìtawùrẹ́ tí mo ń gun òkè lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí èrò sì kún inú ọkọ̀, ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí owó wẹ́wẹ́ nínú agolo. Tí mo bá débi tó tẹ́jú, ariwo náà á lọ. Mẹkáníìkì mi ní epo wa ni kò dáa, kí n wá èyí tí ọ́kítéènì rẹ̀ ga. Níbo ni mo ti lè rí i rà?

Ìdáhùn: Má tíì wá epo lọ síbì kankan, àbúrò. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dún. Písítìnì máa ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀, pulọ́ọ̀gì á ṣáná sí i, iná á sì ràn káàkiri létòlétò. Nígbà tí ẹrù bá wúwo tí ooru sì mú, ìyókù epo tí iná pulọ́ọ̀gì ò tíì kàn á gbiná fúnra rẹ̀ lójijì. Ohun tó ń dún nìyẹn, bó bá sì pẹ́ lórí rẹ̀, ó lè ba písítìnì àti gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ́.

Ọ́kítéènì ni nọ́ńbà tó ń sọ bí epo kan ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ àti ooru tó, kó tó gbiná fúnra rẹ̀. Kò sọ pé epo náà lágbára, kò sì sọ pé ó mọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú, títí kan àwọn mẹkáníìkì.

Toyota kọ ọ́ sínú ìwé Corolla yẹn pé 87 ti tó. 87 ti Amẹ́ríkà yìí kò ju nǹkan bíi 91 lọ lórí RON, òṣùwọ̀n ọ́kítéènì tí Yúróòpù ń lò, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ń fojú sí fún bẹntiróòlù tiwa ní Nàìjíríà. Nítorí náà, bí epo tí o rà bá jẹ́ ojúlówó, kò kù síbì kan fún Corolla. Ẹ́ńjìnì ni kí o yẹ̀ wò.

Ooru ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Wo omi redietọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, wo fáànù bóyá ó ń yí dáadáa. Lẹ́yìn náà, bi mẹkáníìkì rẹ bóyá ó ti yọ tẹmósítáàtì sọnù, ìyẹn ohun tó ń dá omi redietọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná tó. Wọ́n fẹ́ràn àtiyọ ọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkìtì yìí, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Àmọ́ ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó bó ṣe yẹ kì í sun epo tán, èérí dúdú á máa gbá jọ sórí písítìnì, pàápàá bó bá jẹ́ pé láti Òkèyínmi dé Fajúyì nínú Adó ni ọkọ̀ ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Èérí yẹn á dín àyè inú ẹ́ńjìnì kù, ìfúnpọ̀ á sì le ju bí Toyota ṣe ṣètò rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí o bá wá dojú kọ òkè Ẹ̀fọ̀n, ariwo dé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni pulọ́ọ̀gì. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, èyí tí kì í ṣe ti ọkọ̀ rẹ náà sì lè gbóná kọjá ààlà. Kí wọ́n tún yẹ injẹ́tọ̀ tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì àti pọ́ǹpù epo wò, torí pé bí epo tó ń wọlé bá kéré sí afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnì á dún bó bá ń fa ẹrù. Bí iná ẹ́ńjìnì bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí sìkánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àṣìṣe ọkọ̀, sì gbé kóòdù P0325 jáde, sẹ́ńsọ̀ tó ń gbọ́ ariwo yìí ni wáyà rẹ̀ tàbí òun fúnra rẹ̀ ti bà jẹ́. Ọkọ̀ kì í lágbára tó lórí òkè nígbà náà.

Kó tó di pé o ṣe gbogbo ìyẹn, bí o bá dé ẹsẹ̀ òkè, tẹ bọ́tìnnì O/D tó wà lára gíà kí gíà tó ga jù má baà wọlé, tàbí kí o fà á sí 2. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnì sáré díẹ̀. Èyí tí yóò fi máa rá pálá nínú gíà ńlá, tí ìwọ náà sì tẹ iná mọ́lẹ̀ pátá, ló máa ń dá ariwo yẹn sílẹ̀ jù.

Ìbéèrè (Ìfàkì): Camry lèmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ ń wà. Ìwé tèmi ní 87, ìwé tirẹ̀ tó wá láti Yúróòpù ní 95. Èwo ni ká gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ gba méjèèjì gbọ́. RON ni Yúróòpù ń kọ. Amẹ́ríkà ní tiwọn máa ń pa RON pọ̀ mọ́ òṣùwọ̀n kejì tó le jù ú lọ, tí wọ́n ń pè ní MON, wọ́n á pín in sí méjì. Nọ́ńbà tiwọn sì máa ń fi bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún kéré. 95 ti ọ̀rẹ́ yín yóò jẹ́ nǹkan bí 91 lọ́dọ̀ wọn. Ìyàtọ̀ díẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe mẹ́jọ bí ẹ ṣe rò.

Ìbéèrè (Ìkẹ́rẹ́): Ọmọ mi, Benz C300 ni ọmọ mi ọkùnrin fi ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun. Wọ́n kọ "Premium" sí ibi tí a ti ń da epo. Ṣé kí n gbé e kalẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, bàbá. Ẹ má gbé e kalẹ̀. Òótọ́ ni pé ọkọ̀ yìí ń fẹ́ epo tó ga ju ti wa lọ, nǹkan bíi 95 RON. Sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ á gbọ́ ariwo náà kí ẹ̀yin tó gbọ́ ọ, kọ̀ǹpútà á sì fa àsìkò tí pulọ́ọ̀gì ń ṣáná sẹ́yìn. Agbára á dín díẹ̀, epo tí ọkọ̀ ń mu á lé díẹ̀. Ẹ máa wà á pẹ̀lẹ́, ẹ má sì di ẹrù kún un lọ gun òkè lọ́sàn-án gangan. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo léraléra, ẹ dín iná kù lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n á fi òògùn inú ìgò lọ̀ yín, wọ́n á ní ó ń fi "30 points" kún ọ́kítéènì. Nínú òwò yẹn, point mẹ́wàá ló ń ṣe ọ́kítéènì kan, mẹ́ta péré ni 30 yẹn. Òmíràn ní máńgáníìsì tàbí irin nínú, á máa kun pulọ́ọ̀gì pupa. Tèmi ni pé kí ẹ fi owó yẹn ra pulọ́ọ̀gì gidi.

Ẹni tí kò tíì rà, tó ń wo tòkúnbọ̀ lọ́wọ́: kó ṣí ìdérí epo kó kà á kó tó sanwó. Ibẹ̀ gan-an la ti ń yan ọ́kítéènì ní Èkìtì, torí pé nígbà tí a bá fi máa dé ilé epo, bẹntiróòlù kan náà ni gbogbo wọn máa bù fún wa.

Ìbéèrè (Ìjerò): Wọ́n ní tí mo bá ju káńfọ̀ sínú táǹkì, ọ́kítéènì á gòkè. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Káńfọ̀ tí à ń fi sáàárín aṣọ? Láyé àtijọ́ tí ọ́kítéènì epo kéré, ó lè gbé e sókè díẹ̀, bóyá ìdí tí àṣà náà fi tàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí epo bá gbẹ, á tún di líle lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì dí fílítà àti injẹ́tọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún aṣọ.

Ìbéèrè (Adó): Epo burúkú tó ba ọkọ̀ jẹ́ ní oṣù kejì ọdún 2022, ṣé ọ́kítéènì rẹ̀ ló kéré?

Ìdáhùn: Rárá. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, oríṣi ọtí kẹ́míkà kan, ló pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ nínú rẹ̀, mẹ́tánọ́ọ̀lù sì ní ọ́kítéènì tó ga ju ti bẹntiróòlù lọ. Ó ń jẹ rọ́bà àti irin, ó sì ń fa omi mọ́ra. Ẹ rántí pé òjé náà gbé ọ́kítéènì ga láyé àtijọ́, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú epo nítorí pé májèlé ni, pàápàá fún ọpọlọ ọmọdé. Nọ́ńbà ńlá lè wà lára epo tí yóò ba nǹkan jẹ́.

Ìbéèrè (Òmùò): Mo ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lójú títì nígbà tí epo wọ́n, láti ọjọ́ náà ni ọkọ̀ ti ń dún.

Ìdáhùn: Tìrẹ ni mo máa gbà pé epo ni. Kẹrosíìnì ló ṣeé ṣe kí wọ́n fi lú u, ọ́kítéènì kẹrosíìnì sì kéré gidigidi. Kán díẹ̀ sórí bébà funfun, kí o jìnnà sí iná. Bẹntiróòlù gidi á fò lọ, bébà á gbẹ. Bí àbàwọ́n tó ń yọ̀ bá ṣẹ́kù, wọ́n ti lú u. Bí ó bá ku díẹ̀ nínú táǹkì, fi ti ilé epo kún un, kí o sì rọra máa wà á. Bí ó bá pọ̀, jẹ́ kí wọ́n fà á jáde, kí o má sì dà á sí gọ́tà.

Ìbéèrè (Ọ̀yẹ́): Jẹnẹrétọ̀ kékeré ńkọ́?

Ìdáhùn: Epo tó wà nílé epo ti tó o, ìfúnpọ̀ rẹ̀ kò le. Epo tó bá pẹ́ nínú rẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí o kò bá ní tàn án fún ìgbà pípẹ́, ti ẹnu epo, kí o jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí kábúrétọ̀ á fi gbẹ.