Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ọyẹ́ Ti Dé Tán, Kí A Tó Bẹ Iṣu Gbodo

Lọ́dọọdún, tí oṣù Kẹwàá bá ti ń lọ sópin, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ gbodo, iṣu gbígbẹ tí a ń lọ̀ fi ro àmàlà, lọ́dọ̀ mi ní Ṣakí á bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè wọn: "Ìyá, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí òjò ti rọ̀ mọ, ṣé ká máa bẹ ẹ́?" Ẹ má tíì bẹ ẹ́ ni mo máa ń wí. Òjò lè má rọ̀ kí afẹ́fẹ́ ṣì tutù rin. Oòrùn nìkan kọ́ ló ń gbẹ gbodo, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń fa omi ara rẹ̀ jáde. Oòrùn oṣù Kẹwàá lè ta èèyàn lẹ́yìn títí ara á fi máa bó, síbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ṣì ní omi nínú, iṣu tí ẹ fi gbogbo agbára bẹ yóò bu kó tó gbẹ. Ohun tí mo ń kọ síbí ni bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti yí, ohun tí ẹ ó ṣe kó tó yí, àti ohun tí ẹ ó ṣe tó bá tún padà lójijì.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń du ilẹ̀ wa mọ́ra wọn lọ́wọ́. Èyí tó ń ti orí òkun wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń gbé òjò bọ̀. Tó bá di oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá, èkejì á máa ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, á máa lé ti àkọ́kọ́ padà sókun. Púpọ̀ nínú eruku tó ń gbé bọ̀, láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad ló ti ń wá, níbi tí adágún omi ńlá kan wà láyé àtijọ́ tó ti gbẹ. Ibi tí afẹ́fẹ́ méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Ó ń sún síwájú, ó ń sún sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi máa ń kan Kíṣì kó tó kan àwa ní Ṣakí, kó tó wá kan Ìbàdàn. Ará Èkó àti ará Kútọnu ṣì lè máa ru agboòrùn lóṣù Kọkànlá nígbà tí ètè tiwa ti ń là. Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé òjò ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí wọ́n ń sọ.

Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró ní agbègbè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi wò ó lórí fóònù, èmi á sì fàmì sí i lára kàlẹ́ńdà. Òun ni mo fi ń mọ ìgbà tí màá bẹ̀rẹ̀ sí í ra iṣu jọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀bẹ yóò kan iṣu gan-an, àgbàlá mi ni mo ti ń wò ó.

Èéfín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ẹ dáná igi níta, kí ẹ wo ibi tí èéfín ń tẹ̀ sí. Lásìkò òjò, ìlà-oòrùn lápá àríwá ló máa ń tẹ̀ sí. Tí afẹ́fẹ́ bá ti yí, á máa kọrí sí ìwọ̀-oòrùn lápá gúúsù. Òwúrọ̀ kan ò tó o. Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún òwúrọ̀ bíi mélòó kan tó tẹ̀ léra kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Ibi tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni ìrì. Láàárín ìgbà tí òjò ń lọ àti ìgbà tí ọyẹ́ ń bọ̀, ojú sánmà á mọ́ lóru, ilẹ̀ á tutù, koríko á mú ìrì débi pé ìró á rin dé orúnkún kí ẹ tó dé oko. Kùrukùru á bo ojú ọ̀nà títí oòrùn á fi yọ dáadáa. Ara á máa gbọ̀n, àwọn èèyàn á sì máa kí ara wọn kú ọyẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn ní ti iṣẹ́ gbodo. Ẹ lọ fọwọ́ pa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí orí páànù tó wà níta. Tí ọwọ́ yín bá tutù, omi ló wà lójú ọ̀run yẹn. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú ló lẹ̀ mọ́ ọn, eruku ni, ọyẹ́ nìyẹn. Gbodo tí ẹ bá sá sórí àpáta lálẹ́ ọjọ́ onírì, yóò tún mu omi òru padà sára lẹ́yìn èyí tí oòrùn ti fà jáde lọ́sàn-án.

Ẹ tún bu iyọ̀ díẹ̀ sínú àwo, ẹ gbé e sí ojú fèrèsé mọ́jú. Iyọ̀ máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tó bá dì pọ̀ tàbí tó ń sun omi láàárọ̀, ẹ ṣì ní sùúrù. Tó bá ń ṣàn gbẹrẹfu láàárín ìka, ọ̀nà ti ń là. Onílù kan wà ní àgbàlá kejì wa. Lásìkò òjò, ó gbọ́dọ̀ gbé dùndún rẹ̀ sóòrùn kí awọ rẹ̀ tó le, kó tó lè fi sọ̀rọ̀. Àárọ̀ tí mo bá gbọ́ tí ìlù náà ń dún ketekete láìjẹ́ pé ó sá a, mo ti mọ̀ pé afẹ́fẹ́ gbẹ. Ilẹ̀kùn igi tó ti wú láti oṣù Kẹfà náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pa dé láìfi ẹsẹ̀ tì í.

Èyí tó kẹ́yìn ni Òkè Àṣàbàrí. Láti àgbàlá mi, mo ń rí i gbangba. Ọ̀sán gangan tí kò sí ìkúukùu kankan, tí òkè náà wá ń ṣe bàìbàì, tí oòrùn ń ràn bí òṣùpá, ọyẹ́ ti wọlé pátápátá. Lọ́dọ̀ wa, oṣù Kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ló sábà máa ń jẹ́.

Kí ọjọ́ yẹn tó dé, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ẹ gé igbó tó yí àpáta tí ẹ ń sá nǹkan sí ká, kí ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì fọ àpáta náà. Ẹ wo tapólì yín bóyá ó ti lu. Ẹ kó iṣu sábẹ́ ibòji tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ẹ má kó wọn lé ara wọn, ẹ sì yọ èyí tó bá ní ojú egbò sọ́tọ̀ kí a tètè sè é jẹ. Ẹ sì ṣọ́ra fún òjò àrọ̀kúrò. Ìrọ̀lẹ́ ló sábà máa ń dé, láti ìlà-oòrùn, pẹ̀lú ìjì àti àrá. Kì í pẹ́, ṣùgbọ́n ó máa ń le, ó sì lè gbé páànù lọ. Títí ọyẹ́ yóò fi wọlé tán, ohunkóhun ò gbọdọ̀ wà lórí àpáta lẹ́yìn agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ tètè bẹ díẹ̀ fún jíjẹ inú ilé, kó bẹ ìwọ̀nba tí àjà orí ààrò lè gbà.

Tí àmì bá ti pé, ẹ má fi falẹ̀ mọ́. Ẹ bẹ iṣu, kí ẹ má fi èèpo kankan sílẹ̀ lára rẹ̀. Iṣu kékeré lè wà lódidi, ẹ la ńlá sí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gbé omi kaná. Omi náà ò gbọdọ̀ hó. Kó gbóná débi tí ọwọ́ ò lè gbà á mọ́. Tí omi bá hó, iṣu á jinná, á fọ́, á di oúnjẹ alẹ́. Ẹ kó iṣu sí i, ẹ máa rọra yí i padà, ẹ dẹ iná, ẹ bò ó, kó wà nínú omi yẹn di ọjọ́ kejì. Láàárọ̀, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́. Tó bá tẹ̀ díẹ̀ tí kò sì kán, ó ti ṣe. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí àpáta kí oòrùn tó gun òkè, láìjẹ́ kí ẹyọ kan fara kan èkejì.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló ṣòro jù, torí ìgbà yẹn ló rọrùn jù fún un láti bu. Ẹ yí i padà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Nínú ọyẹ́ tó gbẹ dáadáa, bí ọ̀sẹ̀ kan ni yóò gbà, èyí tó tóbi lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbá ẹyọ méjì mọ́ra wọn: tó bá ń dún kókó bí igi, ó kù díẹ̀. Ẹ wá ṣẹ́ èyí tó tóbi jù láàárín wọn, kí ẹ fi èékánná tẹ inú rẹ̀. Tí èékánná bá wọlé, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà sóòrùn.

Ọyẹ́ kì í dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí afẹ́fẹ́ òkun tún wá, kí òru gbóná, kí ara máa làágùn lórí ẹní. Tí gbodo yín bá wà lójú ọ̀nà gbígbẹ nígbà yẹn, ẹ kó o wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má dà á sínú àpò, ẹ má sì kó o jọ gègèrè. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àjà, kí ẹ dáná díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ lálẹ́. Èyí tí ẹ bá rí àmì àwọ̀ ewé tàbí dúdú lára rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ṣùgbọ́n oró tó wà nínú ohun tó ti bu, èyí tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, fífi ọ̀bẹ ha á kò sì lè mú un kúrò, iná àmàlà náà kò lè pa á tán. Ẹ má lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára kí ẹ tà á fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ara yín náà ń gbẹ pẹ̀lú iṣu yẹn. Òru lè tutù kọjá ìsàlẹ̀ 20°C, kí ọ̀sán ju 30°C lọ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ fi òrí pa ètè àti gìgísẹ̀ ní alẹ́, ẹ mu omi kí òǹgbẹ tó gbẹ yín. Ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ wọ̀ ọ́ láṣọ òtútù láàárọ̀, ẹ má jẹ́ kó wẹ omi tútù. Òtútù máa ń fa ìrora sí i lára. Ẹni tó ní ikọ́ fée tí wọ́n ń pè ní asthma, ẹ má fi í síbi tí a ti ń gbálẹ̀ àpáta, kó sì ní oògùn afàsímú rẹ̀ nítòsí.

Iná ni mo bẹ̀rù jù nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ ro ilẹ̀ yí abà àti ibi ìsá ká, kó mọ́ kanlẹ̀, kó fẹ̀ tó tí iná tó ń bọ̀ látinú igbó kò fi ní lè fò ó. Ẹ da omi sí eérú kí ẹ tó dà á nù, kódà tó bá dà bí ẹni pé ó ti tutù. Ẹ bá àwọn ọdẹ àti Fúlàní tó wà nítòsí oko yín sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, kí wọ́n sọ fún yín kí wọ́n tó sun igbó.

Èyí tó ti gbẹ tán, ẹ dì í sínú àpò tó mọ́, ẹ gbé àpò lé pákó, kó má fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i rárá, oúnjẹ ni. Ẹ máa tú u wò lóṣooṣù, kí ẹ sì sá a fún ọjọ́ kan tí kòkòrò bá fara hàn. Tó bá di oṣù Kejì sí Ìkẹta, tí èéfín àárọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ padà sí àríwá ìlà-oòrùn, ẹ dẹ́kun bíbẹ. Iṣu tó bá kù nílẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́jà ní tútù.