Irin Kì í Gbọ́ Irọ́: bí mo ṣe kọ ìtàn ọmọ alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ràn ọkùnrin

Iṣẹ́ tí mo parí rèé: ìtàn àròsọ oníidán kan ní èdè Yorùbá, orí 28, ọ̀rọ̀ bí 78,000. Àyìndé wọ àgbẹ̀dẹ ní ọmọ ọdún 16, ó gba òmìnira iṣẹ́ ní ọmọ ogún ọdún. Láàárín ìyẹn, irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn rẹ̀, òun náà sì wá rí i pé Àlàó, ẹ̀gbọ́n òun lẹ́nu iṣẹ́, ni ọkàn òun ń fà sí. Oṣù mọ́kànlá ni mo fi kọ ọ́, mo sì fi oṣù mẹ́fà tún un ṣe. Àtúnṣe ni mo máa sọ̀rọ̀ lé jù, torí ibẹ̀ ni ojú mi ti rí màbo.

Èèwọ̀ ni mo kọ́kọ́ wá. Ìtàn tí agbára inú rẹ̀ kò ní ààlà, kò pẹ́ tí yóò fi sú òǹkàwé. Àwa kò sì ní láti lọ jìnnà wá ààlà náà, nítorí kò sí agbára nílẹ̀ wa tí kò ní èèwọ̀ tirẹ̀. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ náà. Mo ní kí èèwọ̀ Àyìndé jẹ́ pé kò gbọdọ̀ ní olólùfẹ́ títí yóò fi gba òmìnira. Ó dà bíi pé ó mọ́gbọ́n dání, àmọ́ gbogbo ìgbà tí irin bá ti bàjẹ́ nínú ìtàn, ohun tí ẹni tó ń kà á ń gbọ́ ni pé ìfẹ́ yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀. Orí mẹ́sàn-án ni mo dà nù nítorí rẹ̀.

Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni pé ẹni tó bá di irin mú kò gbọdọ̀ purọ́. N kò dá a sílẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Irin Ògún ni ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra, títí dé ilé ẹjọ́. Bí mo ṣe fi èyí sí i, gbogbo ìtàn ló tò fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń fi ìfẹ́ pamọ́, irọ́ ló ń pa látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀mú sì ń bẹ lọ́wọ́ Àyìndé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n á bi í pé, "Níbo lo sùn lánàá?" Á ní ilé ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni. Ọkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rì sínú omi á dún pàá, á là láti ẹnu dé ìdí. N kò tún nílò ọ̀tá kankan láti ẹ̀yìn odi.

Mo fa ìlà sínú ìwé kan, ọ̀nà mẹ́ta: orí, irọ́ tó pa níbẹ̀, irin tó bàjẹ́. Irọ́ mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìtàn. Ọ̀bẹ kékeré ló kọ́kọ́ lọ ní orí 3, ìdè ẹnubodè ìlú ló kẹ́yìn ní orí 24. Bí irin orí méjì tó tẹ̀ léra bá ti tóbi bákan náà, mo máa ń yọ ọ̀kan, bó ti wù kó dùn tó.

Ọfọ̀ ni iṣẹ́ kejì. Ọfọ̀ tòótọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì tí a kàn dà jọ kó lè máa dẹ́rù bani. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ pé kì í yẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ, wọ́n á wá so ẹ̀bẹ̀ mọ́ ọn, ìró ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò sì so méjèèjì pọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì mọ nǹkan, ìdí ẹwìrì ni wọ́n máa ń fi sí, kí ó máa gbé igi rẹ̀ sókè sódò lọ́tùn-ún lósì kí iná má bàa kú. Ohun tí ẹwìrì ń ṣe ni pé ó ń fẹ́ iná. Ohun tí ọmọ náà sì ń ṣe nínú ọkàn rẹ̀, fẹ́ náà là ń pè é, ohùn kan náà, àmì kan náà:

Ẹwìrì ní kí n fẹ́, mo fẹ́.
Ẹ̀fúùfù ní kí n fẹ́, mo fẹ́.
Ohun tí a bá fẹ́ kì í kú sínú eérú.

Ní orí 5, iná ló ń fi í fẹ́, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ní orí 22, ó tún un pè nínú òkùnkùn, kò sí iná, kò sí ẹwìrì, Àlàó nìkan ló jókòó tì í. N kò ṣàlàyé rẹ̀. Nínú àkọ́kọ́kọ mi, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ" wà ní ibi mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ sì ń dún bíi fíìmù tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. "Mo fẹ́ ọ" ní tirẹ̀ máa ń gbé ọkàn òǹkàwé lọ síbi ìyàwó gbígbé, ó sì yá jù fún ọmọ tí kò tíì mọ ohun tó ń ṣe òun.

Ó kù ọ̀rọ̀ kékeré náà tó fẹ́ ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́: "ó". Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ irú ìtàn yìí, bó bá ti kọ "he" lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn kan, ó ti parí. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tí mo kọ́kọ́ kọ sí orí 8 nìyí: "Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì mọ̀ pé ó ti mọ̀." Ta ló wo ta? Ọkùnrin ni àbí obìnrin? Nígbà yẹn, Ayọ̀ ni mo pe Àlàó. Mo fún èèyàn márùn-ún ní orí mẹ́wàá àkọ́kọ́ kà. Mẹ́ta nínú wọn rò pé obìnrin ni Ayọ̀ títí dé orí 9, ẹnì kan tilẹ̀ bi mí pé kí ló gbé ọmọbìnrin dé ìdí ẹwìrì. Ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn. Ayọ̀, Ọlá, Táíwò, tọkùnrin tobìnrin ló ń jẹ́ wọn.

Oríkì ló kọ́kọ́ gbà mí. Orúkọ àbísọ lè fi akọ àti abo pamọ́, ṣùgbọ́n oríkì kì í fi pamọ́. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ Àlàó kó rò pé Àṣàkẹ́ ni. Wàhálà kan wà níbẹ̀ ṣá o. À ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú oríkì ọkùnrin, ojú á sì máa pa wọ́n pọ̀ lórí ìwé. Àkànní àti Àkànbí nínú ìtàn kan, ìyà ni fún òǹkàwé. Mo mú ọ̀kan tó gùn díẹ̀ àti ọ̀kan tó kúrú kí ìrísí wọn lè yàtọ̀. Lẹ́yìn oríkì, ìkíni: ọmọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀, ọmọbìnrin ń kúnlẹ̀. Lẹ́yìn ìkíni, aṣọ. Mo fi lélẹ̀ fún ara mi pé méjì ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lójú ewé tí ẹnì kan bá ti kọ́kọ́ yọjú. Bí Àlàó ṣe wọlé báyìí nìyí: "Àlàó ṣí fìlà, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n dìde, eruku èédú ti ya àwòrán sí wọn láyà." Kò sẹ́ni tó tún bi mí léèrè obìnrin.

Níbi tí àwọn méjèèjì bá ti jọ wà, "òun" ni mo fi ṣe òdiwọ̀n. Inú ọkàn Àyìndé nìkan ni mo ń wọ̀, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ni "òun", Àlàó ló ni "ó" tàbí "wọ́n" ọ̀wọ̀. Gbólóhùn orí 8 wá di: "Àyìndé wò wọ́n. Àlàó rẹ́rìn-ín. Àyìndé mọ̀ pé wọ́n ti rí ohun tó wà lọ́kàn òun." Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ kò sẹ́ni tí yóò padà sẹ́yìn láti tún un kà.

Ohun tí èdè wa gbà lọ́wọ́ mi níbẹ̀, ó san án padà níbi ọ̀wọ̀. Àlàó fi ọdún méjì ju Àyìndé lọ, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó dé, "ẹ" ni yóò sì máa pè é. Láti orí 1 dé 12, "ẹ" ni lẹ́nu Àyìndé, èmi tí mo ń ròyìn náà sì ń pe Àlàó ní "wọ́n". Ó ní ewu tirẹ̀, torí "wọ́n" ni ọ̀gá, "wọ́n" sì ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn. Ibi tí ọ̀gá bá ti wà, orúkọ oyè rẹ̀ ni mo ń pè, n kì í pè é ní "wọ́n" àfi tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nínú ìpínrọ̀. Ní orí 13, òjò ká wọn mọ́ ìta:

Apẹ̀rẹ̀ èédú fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àlàó.
"Dì í mú!"
Ẹnu Àyìndé ló ti jáde. Kò sí "ẹ" níwájú rẹ̀. Àwọn méjèèjì dúró sínú òjò. Àlàó rọra gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀.
"Tún un sọ bẹ́ẹ̀," ló ní.

Láti "ló ní" yẹn ni "wọ́n" ti di "ó" nínú ìròyìn, kò sì padà mọ́. N kò tún kọ ìran tí ẹnikẹ́ni ti ń jẹ́wọ́. Lójú àwùjọ, Àyìndé á tún máa ní "ẹ", ẹnì kan nínú àwọn tó bá mi kà á sì béèrè pé, tó bá di irin mú tó sì ń ní "ẹ", ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn? N kò tíì ronú kàn án. Ibẹ̀ ni orí 19 ti wá.

Ní ti ohun tí ará ìlú yóò máa pe irú ẹni tí Àyìndé jẹ́, mo fi sílẹ̀ láìlórúkọ. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìgboro ń lò, èébú ni wọ́n, bí òǹkọ̀wé bá sì fi èébú ròyìn akọni rẹ̀, ó ti dá a lẹ́bi kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn aládùúgbò kàn ń sọ pé, "Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì yẹn ò yé èèyàn." Ó tó. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi elégùn Ṣàngó sí i, torí ọkùnrin ni wọ́n, wọ́n ń dirun, a sì ń pè wọ́n ní ìyàwó òrìṣà. N kò gbà. Ọ̀rọ̀ ìsìn nìyẹn, ohun tó wà láàárín òrìṣà àti ẹni tó ń gùn. Ẹni tó bá fi í ṣe ẹ̀rí fún ọ̀ràn Àyìndé ti da méjèèjì rú.

N kò pa Àlàó. Àṣà kan wà nínú irú ìwé yìí látọjọ́ pípẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn olólùfẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ kú. Magic's Pawn tí Mercedes Lackey gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1989, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi irú ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe akọni ìtàn oníidán, ìwé náà kò tíì parí tí olólùfẹ́ Vanyel, akọni rẹ̀, fi ti kú. Ó nídìí níbẹ̀, ìyókù ìtàn dúró lé e. Ṣùgbọ́n nínú tèmi, ikú Àlàó á sọ pé irọ́ ló yẹ kí Àyìndé máa pa lọ. Bí ọ̀gá ṣe bi í léèrè níwájú gbogbo ẹgbẹ́ alágbẹ̀dẹ, tí ọmọ owú wà lọ́wọ́ Àyìndé, òótọ́ ló sọ, irin kò là. Àwọn kan dìde kúrò. Àwọn kan jókòó. Orí 27 parí síbẹ̀.

Títẹ̀ ìwé ní ọgbọ́n tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní àmì kan ṣoṣo tó gbé ẹ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan tó gbé ẹ́ tàbí ọ̀ lódindi. Àmì ohùn gbọ́dọ̀ wá dúró lọ́tọ̀ lórí lẹ́tà. Lẹ́tà bíi à ní tirẹ̀ lè jẹ́ ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ méjì, ojú kò ní mọ ìyàtọ̀. Nígbà tí mo ní kí kọ̀ǹpútà wá "Ayọ̀" kó fi "Àlàó" rọ́pò, ó fo ibi tó ju ogójì lọ, nítorí bọ́tìnnì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti fi tẹ ọ̀. Ẹ sọ gbogbo fáìlì di ọ̀nà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí ẹ tó pààrọ̀ orúkọ kankan. Nínú àwọn ìrísí lẹ́tà (font), Charis SIL àti Gentium gbé àmì dáadáa. Mo fi Charis SIL sínú EPUB, ìyẹn fáìlì ìwé tí à ń kà lórí ẹ̀rọ, fúnra rẹ̀ kí fóònù má bàa fi tirẹ̀ rọ́pò.

Ilé ìtẹ̀wé méjì nílé ló dá iṣẹ́ náà padà. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó ọkùnrin sọ́kùnrin, ọdún 10 sí ẹgbẹ́ dídá àti fífi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, kò sì sí òǹtẹ̀wé tó fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú àríyànjiyàn. EPUB ni mo gbé jáde, ẹ̀dà orí ìwé ń jáde ní Ìlú Ọba, ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí èèyàn bá ṣe ń béèrè.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé ló gbẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ 60 péré, mo sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. Ìkẹjọ dùn gan-an, àfi pé "ó" àti "olólùfẹ́ rẹ̀" nìkan ló wà nínú rẹ̀; ẹni tó bá rà á á tún máa retí ọmọbìnrin kan. Ìkẹsàn-án bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Àyìndé ń fẹ́ iná, Àlàó ń lu irin."