Bátìrì kejì tí kò gba iná

Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù mi: ọ̀kan fún ẹ́ńjìnnì, èkejì fún fíríìjì kékeré tí mò ń lò bí mo bá sùn sójú ọ̀nà. Níbẹ̀rẹ̀, mo kàn so méjèèjì pọ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Kétu, mo yí kọ́kọ́rọ́, ó dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó dákẹ́. Fíríìjì ti fa méjèèjì gbẹ. Àwọn alábàárù ọjà ló bá mi tì í.

Mo wá fi rílé, ìyẹn swíìṣì tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, sáàárín wọn, irú èyí tó ń so wọ́n pọ̀ bí iná bá gòkè dé 13.3 fóólìtì, tó sì ń já wọn bó bá wálẹ̀ sí 12.8. Síbẹ̀, bátìrì kejì ò kọjá 12.2. Mo bú ẹni tó tà á fún mi. Mo ṣẹ̀ ẹ́ ni o. Wáyà ilẹ̀ ni, èyí tó so bátìrì mọ́ ara irin ọkọ̀! Orí ọ̀dà ni mo dè é mọ́, ọ̀dà kì í sì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi ń dán, mo tún un dè, mo fi gíríìsì bò ó. Mítà fò sí 13.9 lójú ẹsẹ̀.

Fíúsì kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan, torí wáyà tó bó lè dá iná sílẹ̀. Lánàá, fíríìjì ṣiṣẹ́ mọ́jú, ẹ́ńjìnnì sì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.