Bí a ṣe ń dá eléré kíríkẹ́ẹ̀tì tó dúró ṣinṣin mọ̀

Bí ẹ bá wọ ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Tankẹ lọ́jọ́ Sátidé, kò sẹ́ni tí ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé Ronaldo fún. Ẹ dárúkọ Joe Root, agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì ti England, wọ́n á ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé kíríkẹ́ẹ̀tì láti Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, orí fóònù ló ti máa bẹ̀rẹ̀, àkọsílẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ bá pàdé: iye rọ́ọ̀nù (àmì ayò tí agbábọ́ọ̀lù gbà), iye wíkẹ́ẹ̀tì (iye ẹni tí ajubọ́ọ̀lù yọ kúrò nínú eré), ìpíndọ́gba. Àkọsílẹ̀ yẹn kì í purọ́, àmọ́ ó lè ṣi ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà lọ́nà. Iye tó ga jù tí eléré gbà rí kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Bó ṣe ń rí lọ́pọ̀ ìgbà tó bá jáde, àti níbikíbi tó bá lọ, ni ká wò.

Ìwé eléwé 40 kan àti bírò ti tó. Ẹ ṣí ESPNcricinfo, ìkànnì àkọsílẹ̀ kíríkẹ́ẹ̀tì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá orúkọ eléré, kí ẹ sì tẹ ibi tí wọ́n kọ Stats sí. Mat ni iye eré tó ti kópa. Inns ni iye ìgbà tó jáde wá gbá bọ́ọ̀lù. NO ni iye ìgbà tí wọn ò rí i yọ títí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gbá tán. HS ni èyí tó ga jù nínú ìjáde rẹ̀, Ave ni ìpíndọ́gba, SR sì ni iye rọ́ọ̀nù tó ń gbà nínú bọ́ọ̀lù 100. Lọ́dọ̀ ajubọ́ọ̀lù, SR yí padà: iye bọ́ọ̀lù tó ń jù kó tó yọ ẹnìkan ni, èyí tó kéré ló sì dára níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń yìn ajubọ́ọ̀lù tí SR tirẹ̀ ga, tí wọn ò mọ̀ pé ẹni tí kì í rí èèyàn yọ ni wọ́n ń yìn.

Ẹ ya irú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kí ẹ tó ka ohunkóhun. Test lè gba ọjọ́ márùn-ún, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì lè gbá lẹ́ẹ̀mejì. ODI jẹ́ over 50 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, T20 jẹ́ over 20, bọ́ọ̀lù mẹ́fà ló sì wà nínú over kan. Sẹ́ńtúrì ni rọ́ọ̀nù 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìjáde kan. Tí ẹ bá gbọ́ pé Sachin Tendulkar ti Íńdíà ní sẹ́ńtúrì 100, 51 nínú rẹ̀ jẹ́ ti Test, 49 jẹ́ ti ODI. Ojú ìwé ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ wọ́n sí. Nínú T20, ẹ má jẹ́ kí ìpíndọ́gba nìkan gbé yín lọ: ẹni tó gba 40 nínú bọ́ọ̀lù 45 lè jẹ́ òun gan-an ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù.

Ìpíndọ́gba gan-an ńkọ́? Iye rọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pín sí iye ìgbà tí wọ́n yọ eléré, kì í ṣe iye ìgbà tó jáde. Ẹ wo ìṣirò yìí. Agbábọ́ọ̀lù kan jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó gba 0, 4, 180, 6 àti 10. Ẹnìkejì gba 38, 45, 29, 51 àti 37. Igba ni àwọn méjèèjì kó jọ, 40 sì ni ìpíndọ́gba wọn. Ẹ wá tò ó láti kékeré dé ńlá, kí ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín: 6 ni ti ẹni àkọ́kọ́, 38 ni ti ẹnìkejì. Òótọ́ ni pé 180 lè gba Test kan là, ẹ má fojú di í. Àmọ́ ẹnìkejì ni balógun ẹgbẹ́ lè fọkàn tẹ̀ lọ́la. Tó bá sì jẹ́ pé wọn ò rí i yọ nígbà tó gba 37 yẹn, 200 la máa pín sí 4, ìpíndọ́gba rẹ̀ á fò sí 50 láìfi rọ́ọ̀nù kan kún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó máa ń jáde gbẹ̀yìn fi ń ní ìpíndọ́gba tó ju agbára wọn lọ nígbà míì.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ kọ ìjáde 21 tó kẹ́yìn sílẹ̀ fún eléré kan. Ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo èyí tí kò tó 20, ẹ yí òbìrí ká èyí tó tó 50, lẹ́yìn náà kí ẹ wá èyí tó wà láàárín. Ìjáde márùn-ún tàbí mẹ́fà ò tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Bọ́ọ̀lù kan tó dára lè lé ọ̀gá jáde. Don Bradman ti Ọsirélíà nílò rọ́ọ̀nù 4 péré nínú ìjáde rẹ̀ tó kẹ́yìn lọ́dún 1948 kí ìpíndọ́gba rẹ̀ nínú Test lè tó 100. Òdo ló gbà, 99.94 ló sì wà títí dòní.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pín iṣẹ́ rẹ̀ sí ọdọọdún. Ìparí 2019, ìpíndọ́gba Virat Kohli ti Íńdíà nínú Test fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 55. Nígbà tó fi Test sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2025, ó ti wálẹ̀ sí 46.85. Tí ẹ bá wo 46.85 nìkan, ẹ ò ní rí gíga tó dé, ẹ ò sì ní rí bí àwọn ọdún tó kẹ́yìn ṣe le fún un. Ti Joe Root ti England gba ọ̀nà mìíràn. Títí 2020 fi parí, sẹ́ńtúrì 17 ló ní nínú Test. Àròyé àwọn èèyàn ni pé ó máa ń kọjá 50 tán kí wọ́n tó yọ ọ́. Lọ́dún 2021 nìkan ó gba rọ́ọ̀nù 1,708, nígbà tí 2024 sì fi parí, sẹ́ńtúrì rẹ̀ ti di 36. Ní oṣù Keje 2025 ó kọjá Ricky Ponting ti Ọsirélíà nínú àpapọ̀ rọ́ọ̀nù Test, ó wá kù Tendulkar nìkan níwájú rẹ̀.

Síbẹ̀, Root yìí kan náà kò ní sẹ́ńtúrì Test kankan ní Ọsirélíà àfìgbà tó di oṣù Kejìlá 2025, ní Brisbane. Ibi tí wọ́n ti gbá a ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ní England, ojú ọ̀run tó ṣú àti bọ́ọ̀lù Dukes máa ń jẹ́ kí bọ́ọ̀lù yà nínú afẹ́fẹ́. Ní Ọsirélíà, ilẹ̀ le, bọ́ọ̀lù Kookaburra sì máa ń ta sókè dé àyà. Ní Íńdíà, tó bá di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ilẹ̀ á ti gbẹ, á sán bíi ti ẹ̀yìnkùlé ní Ìlọrin lóṣù Kejì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá sì fi ìka yí á máa yà bàrà. Nínú Statsguru lórí ESPNcricinfo, àyè wà láti ya eré ilé sọ́tọ̀ sí ti ẹ̀yìn odi. Ẹ ṣe é fún gbogbo ẹni tí ẹ bá ń yẹ̀ wò. Tí ìyàtọ̀ bá ju 15 lọ láàárín méjèèjì, ẹ béèrè ìdí.

Àwọn ajubọ́ọ̀lù náà ò yọ sílẹ̀. James Anderson ti England yọ èèyàn 704 nínú Test 188, láti 2003 dé 2024, ìyẹn fún ẹni tó ń sáré ju bọ́ọ̀lù. Èyí tó ju ìdajì lọ jẹ́ ní England. Jasprit Bumrah ti Íńdíà ni ẹni àkọ́kọ́ tó yọ 200 nínú Test tí ìpíndọ́gba rẹ̀ (iye rọ́ọ̀nù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó yọ, èyí tó kéré ló dára) ṣì wà lábẹ́ 20, ní Melbourne, oṣù Kejìlá 2024. Ti Anderson jẹ́ ti pípẹ́, ti Bumrah jẹ́ ti mímú. Àwa ò rí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan jẹ ọba lórí èkejì.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n bá gbá pẹ̀lú. Ní oṣù Kọkànlá 2024, ní Èkó, Nàìjíríà gba 271 nínú T20, wọ́n sì yọ gbogbo Ivory Coast fún rọ́ọ̀nù 7. Ní oṣù Kìíní 2025, ní Malaysia, àwọn ọmọbìnrin wa tí ọjọ́ orí wọn ò ju 19 lọ gba 65 péré nínú over 13, wọ́n sì fi rọ́ọ̀nù 2 borí New Zealand nínú ìdíje àgbáyé. Ìwọ̀n 65 yẹn wúwo ju 271 lọ.

Nǹkan kan ṣì wà tí àkọsílẹ̀ ò ní fi hàn yín. Pápá Headingley ní England, 2019, nínú Test: Ben Stokes gba 135, wọn ò rí i yọ, England sì borí Ọsirélíà. Orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni Jack Leach, rọ́ọ̀nù 1 nínú bọ́ọ̀lù 17. Àwọn méjèèjì ló kó 76 tó kẹ́yìn jọ. Ká ní ọ̀kan nínú bọ́ọ̀lù 17 yẹn ba igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn Leach ni, ó parí, torí òun ló jáde kẹ́yìn. Fídíò ṣókí ò wúlò fún irú èyí, nítorí pé bọ́ọ̀lù tó lọ jìnnà nìkan ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Ẹ ka àlàyé bọ́ọ̀lù-sí-bọ́ọ̀lù. Data díẹ̀ ló ń jẹ, bí nẹ́tíwọ̀kì bá sì ń ṣe ségesège, yóò ṣì ṣí.

Ti àkókò: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ England, aago wọn bá tiwa mu. Test máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 11 òwúrọ̀, ìsinmi ọ̀sán wọn sì bọ́ sí aago 1 sí 1:40, èyí tó fún ẹni tó fẹ́ kí ìrun Àìlà láyè. Ti Íńdíà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago 5 ìdájí, ẹni tó bá jí fún Àsùbáà lè bá a níbẹ̀rẹ̀. Ti Melbourne tó máa ń wáyé ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, aago 12:30 òru ni. Ẹ sùn, kí ẹ ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀.